Àpótí Dufie Kò Ṣófo

Ní Asuoso, kò sẹ́ni tó lè kú, kò séwúrẹ́ tó lè sọnù, kò sì sí oògùn ikọ́ tó lè wọ̀lú, kí gbohùngbohùn Maame Pomaa, orí òpó iwájú ilé rẹ̀, má ké e. Dufie ló ń kéde níbẹ̀ láràárọ̀ kó tó lọ bímọ. Lówùúrọ̀ Ọjọ́ Ajé yìí ó padà síbi iṣẹ́, aṣọ funfun ìyá ìkókó lára rẹ̀, pàúdà lọ́rùn, ó sì bá Tíṣà Ntiamoah, tí wọ́n fi di àyè rẹ̀ mú, lórí àpótí ìjókòó tirẹ̀, máìkì ní iwájú ẹnu.

"…nítorí náà, ẹ̀yin ará ìlú, ká tó máa wá ewúrẹ́ Agya Donkor kiri, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ewúrẹ́ jẹ́ gan-an. Ewúrẹ́ jẹ́ ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Èyí yà á sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára adìyẹ…"

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o."

Tíṣà pa máìkì, ó yíjú.

"Dufie! Káàbọ̀. O kú ewu ọmọ. O dá mi dúró níbi tó dùn jù."

"Ẹ má bínú. Ṣé ewúrẹ́ Agya Donkor tún sọnù ni?"

"Èwo ni 'tún'? Èyí tó sọnù lọ́jọ́sí náà ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ apá kejì àlàyé rẹ̀ ni."

"Tíṣà, Agya Donkor ti rí ewúrẹ́ yẹn tipẹ́. Ó ti pa á. Ó gbé itan rẹ̀ kan wá kí mi kú ewu."

"Ìyẹn ò ní kí ìmọ̀ má tẹ̀ síwájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà. Maame Pomaa ńkọ́?"

"Ó ti lọ sí Kumasi, ó lọ ra wáyà. Ó ní kí èmi àti ìwọ jókòó sọ ọ́ kóun tó dé: ta ni yóò máa mú òwúrọ̀, ta ni yóò máa mú ìrọ̀lẹ́. Ohun tí àwa méjèèjì bá fẹnu kò lé lórí, òun á fọwọ́ sí i."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà."

"Ó dáa. A ti fẹnu kò. Èmi ni mo ni òwúrọ̀."

"Ẹnu ta ló kò mọ́ ẹnu ta, Tíṣà? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

"Dufie, fetí sílẹ̀. Òwúrọ̀ ni ọpọlọ àwọn èèyàn ṣì tutù. Ẹni tó kàwé ló yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ìwọ, wàá mú ìrọ̀lẹ́: oògùn ikọ́, aṣọ òkìrìkà, ẹni tó ní yàrá tó ń wá ayálégbé. Àwọn nǹkan tí kò nílò àlàyé."

"Oníṣòwò oògùn ikọ́ ní òun ò ní gbé ìkéde wá síbí mọ́."

"Ẹ̀tàn ni oògùn rẹ̀! Mo ṣàlàyé fún ìlú pé ikọ́ máa ń lọ fúnra rẹ̀ tí èèyàn bá mú omi."

"Ó sanwó ìkéde fún yín, ẹ wá ní kí wọ́n má ra oògùn rẹ̀."

"Mo fi àlàyé kún un lọ́fẹ̀ẹ́."

Dufie gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi fún yín. Ìyá mi ló ń bá mi gbé Kofi. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ó ń gbé ìkòkò kẹ́ńkè rẹ̀ lọ tà ní ibùdókọ̀. Ọkọ mi ń wakọ̀ lọ sí Techiman, kì í wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Tí ẹ bá fi mí sí ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ. Ilé ni mo máa padà sí. Iṣẹ́ tán nìyẹn."

"Gbé ọmọ náà wá síbí nírọ̀lẹ́."

"Síwájú máìkì? Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná."

Láti òdìkejì ọ̀nà, nínú ilé ìyá Dufie, igbe ìkókó ń bọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fa omi kànga tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò ní epo.

"Ṣé ẹ gbọ́? Gbogbo ìgbà tí ohùn yín bá jáde lórí òpó yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀. Inú mi ló ti ń gbọ́ ohùn tèmi láràárọ̀. Ohùn tó mọ̀ nìyẹn, òun ló fi ń sùn."

"Ó ń sunkún nítorí pé ìmọ̀ ń wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ló sunkún."

"Tíṣà, ẹ ṣàánú mi."

"Àánú ò sí nínú ìlànà iṣẹ́, Dufie. Ìrọ̀lẹ́."

Dufie mí kanlẹ̀. Ó gbójú sókè bí ẹni tó ń bi Ọlọ́run léèrè; ó gbójú wálẹ̀ bí ẹni tí wọn ò tíì dá lóhùn. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti bọ́ sórí àpótí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí òrí.

"Tíṣà, àpótí tí ẹ jókòó lé yìí, ṣe bí tèmi ni?"

"Àpótí ilé iṣẹ́ ni."

"Wòfà mi, arákùnrin ìyá mi, ló gbẹ́ ẹ fún mi ní Ahwiaa, nígbà tí àga oníke ibí fọ́ yángá lábẹ́ mi. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ bímọ, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, mo sì kọjú rẹ̀ sí ògiri."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a. Mo gbé e dìde. Àpótí tó dùbúlẹ̀, kí ló wúlò fún?"

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé tí mo bá dìde kí n dà á dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìwé mi ò jìnnà. N ò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní."

Tíṣà ti máìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Béèrè ìdí nǹkan lọ́wọ́ Tíṣà Ntiamoah, o ti gbé oúnjẹ fún un.

"O ò mọ ìdí rẹ̀? Ìwọ ọmọ Asante? Ó mà ṣe o! Jókòó kí n là ọ́ lóye."

"Kò síbi tí mo lè jókòó, Tíṣà."

"Dúró, nígbà náà. Àpótí kì í ṣe igi lásán. Ẹni tó bá ń jókòó lé e lójoojúmọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ń wọ inú igi náà díẹ̀díẹ̀, bí epo ṣe ń wọ ara ìkòkò ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dà á dùbúlẹ̀ tí a bá dìde: kí ẹlòmíràn má lọ jókòó lé e, kó wá gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀."

"Háà! Kí ni ẹni náà máa gbé?"

"Ohunkóhun tó bá wà lára olóhun nígbà tó dìde kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ìbínú, ẹni tó jókòó á máa bínú. Bó bá jẹ́ ibà, ibà ni. Ìyá mi àgbà mọ ọkùnrin kan tó jókòó lórí àpótí arọ. Ó ń tiro títí wọ́n fi sin ín."

"Yéè! Ṣé òótọ́ ni?"

"Ṣé èmi á parọ́? Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ lórí gbohùngbohùn yìí, gbogbo ìlú ló gbọ́."

"Èmi náà gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Ṣùgbọ́n Kofi ń ké, n ò gbọ́ ìparí rẹ̀. Ó wá yé mi wàyí. Ọlọ́run á bù sí i fún yín."

"Àmín."

Dufie na ọwọ́ òsì síwájú. Ó ń fi ìka ka nǹkan lórí ìka.

"Kí lò ń kà?"

"Kò sí nǹkan. Mò ń rántí ọjọ́ tí èmi dìde kẹ́yìn lórí rẹ̀ ni. Ìbínú ò sí lára mi lọ́jọ́ yẹn."

"Ó dáa."

"Ibà náà ò sí."

"A dúpẹ́."

"N ò sì tiro."

"Ṣé o wá rí i? Kò séwu."

"Oyún nìkan ló wà lára mi."

Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lọ sórí òpó nìkan ló ń kùn wùù bí eṣinṣin inú ìgò.

"Hẹ̀, hẹ̀," Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Oyún. Ìyẹn yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀, àbí?"

"Ó yàtọ̀ gédégédé."

"Ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi, Tíṣà."

Tíṣà yanu. Nǹkan kan ò jáde. Irú rẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní Asuoso. Ó pa á dé, ó tún un yà.

"Oyún… oyún kì í ṣe àìsàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kì í sì í ṣe ìwà."

"Òótọ́ ni."

"Ó jẹ́… ohun tó wà lára olóhun nígbà tó dìde."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o."

Tíṣà rọra gbé ìdí kan sókè kúrò lórí àpótí, ó fi èkejì síbẹ̀, bí ẹni tí ò fẹ́ kó dà bí pé òun ń sá.

"Dufie, kí lò ń wò?"

"Kò sí, Tíṣà."

"Ikùn mi lò ń wò!"

"Mo kàn rí i pé ara yín ti le sí i láti ìgbà tí mo ti lọ."

"Bẹ́líìtì yìí ló sún kì."

"Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Okùn yẹ̀rì tèmi náà sún kì bẹ́ẹ̀, níbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀."

"Oúnjẹ ni! Ìyá rẹ ló fà á. Mo máa ń yà kí ọmọ yín lọ́sàn-án, òun á sì gbé fùfú àti ọbẹ̀ ẹyìn kalẹ̀. Ṣé kí n kọ oúnjẹ àgbàlagbà?"

"Lójoojúmọ́ lẹ̀ ń wá, Tíṣà."

"Ọmọ tuntun yẹ ní kíkí lójoojúmọ́."

"Ọbẹ̀ tí wọ́n sè fún ìyá ìkókó."

"Ọbẹ̀ lọbẹ̀ ń jẹ́."

"Kí wàrà lè máa wá dáadáa ni wọ́n ṣe ń sè é."

Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà rẹ̀. Nígbà tó rí i pé Dufie rí i, ó ṣe bí ẹni tó ń tún bọ́tìnì dè.

Dufie yíjú sí ògiri. "Jésù, gbà mí," ó sọ ọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?"

"Àdúrà ni, Tíṣà."

"Dufie."

"Tíṣà?"

"Báwo ló ṣe… báwo ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè ìmọ̀ ni o. Mo lè fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìlú lọ́jọ́ kan."

"Ti obìnrin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Báwo ni ìwé ṣe sọ ọ́?"

Tíṣà tún ara tò bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì.

"Àkọ́kọ́, oorun ọ̀sán." Ó dákẹ́.

"Ṣé ẹ̀ ń sùn lọ́sàn-án ni?"

"Lẹ́yìn fùfú, ta ni kì í sùn?"

"Mo kàn béèrè ni. Èwo ló kàn?"

"Èkejì, òórùn nǹkan á máa rí i lára."

"Èyí ò kàn yín ṣá."

"Kò kàn mí rárá. Lánàá nìkan ni ìyàwó mi fi ẹja momoni sọ́bẹ̀, mo sì sá jáde nílé."

"Kí ló fà á?"

"Ẹja náà ti rà!"

"Tíṣà, momoni tí ò bá rà, kì í ṣe momoni."

Òógùn bọ́ sí iwájú orí Tíṣà.

"Ẹ̀kẹta," ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, "jíjẹ ẹfun."

"Kí ló wà nínú àpò yín yẹn?"

"Ṣọ́ọ̀kì. Dufie, má bẹ̀rẹ̀ o! Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ni mo ti ń jẹ ẹ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Mo mọ̀. Báwo ni adùn rẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Tíṣà yọ ṣọ́ọ̀kì náà, ó wò ó bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà.

"Ó ti dùn sí i."

"Ẹ kúkú jẹ́ ká fi ìwé yìí sílẹ̀, Tíṣà. Ó ń mú yín lẹ́mìí."

"Rárá, ó ku ọ̀kan. Ẹkún tí ò nídìí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ké ìkéde ìsìnkú Opanyin Baffoe. N ò mọ bàbá yẹn rí. N ò bá a jẹun rí. Mo dé ibi tí wọ́n ti ní ó fi ìyàwó àti ewúrẹ́ sílẹ̀, n ò lè parí rẹ̀."

"Ẹ sunkún?"

"Lórí máìkì!"

"A gbọ́ ọ nílé. Ìyá mi rò pé ìbátan yín ni, ó fi ẹran kún fùfú yín lọ́jọ́ yẹn."

Ni Tíṣà bá fò kúrò lórí àpótí bí ẹni tí èèrà jẹ. Ó dúró láàárín yàrá, ó ń wo àpótí, àpótí náà ń wò ó.

Lójijì, ojú rẹ̀ là. Ó na ìka sí Dufie.

"Dúró ná! Dúró ná! Èmi Ntiamoah, tí mo kọ́ gbogbo ìlú yìí ní sáyẹ́ǹsì! Ọkùnrin ò ní ilé ọmọ. Níbo ló fẹ́ gbé e sí? Nínú ẹ̀dọ̀? O fẹ́ fi ọgbọ́n gba òwúrọ̀ lọ́wọ́ mi ni!"

Àyà Dufie já. Ní òdìkejì ọ̀nà Kofi tún figbe bọnu, ọmú ìyá rẹ̀ sì gbọ́ igbe náà ṣáájú etí rẹ̀: omi wàrà rin aṣọ funfun náà níwájú. Ó ká apá bò ó.

"Ọlọ́run lẹlẹ́rìí, Tíṣà, ẹnu mi ò sọ pé ẹ lóyún. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ìbéèrè nìkan lèmi ń bi yín."

"Ìbéèrè lejò fi tan Éfà!"

"Ẹ má bínú. Òwúrọ̀ tiyín, ìrọ̀lẹ́ tèmi. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ jókòó."

"Màá sì jókòó! Àpótí igi lásánlàsàn! Wò mí dáadáa, mo tún jókòó lé e. Mo fi ìdí méjèèjì jókòó lé e!"

Ó jókòó gbàgà. Ó fa máìkì mọ́ra, ó gbé àyà sókè, ó ya ẹnu láti padà sórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Bó ti ya ẹnu ni nǹkan kan yí nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó dún gbìrì, ó sì ta á ní ẹ̀gbẹ́ òsì.

Tíṣà di igi.

"Dufie."

"Tíṣà?"

"Ó mira."

"Kí ló mira?"

"Ó ta mí! Níbí! Ó tún ta mí!"

Dufie bojú. Ó jẹ́ ọmọ ìjọ, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sì ti ń gún un díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí òógùn ti bọ́ sí ọkùnrin náà níwájú orí. Ó ṣíjú.

"Tíṣà, ẹ gbọ́. Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Ìrẹsì ẹlẹ́wà."

"Ẹ̀wà nìyẹn. Ẹ̀wà ló ń pariwo nínú yín."

"Má tàn mí!"

"N ò tàn yín. Bí mo ṣe jẹ́ ọmọ ìjọ, ẹ̀wà ni. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín ju ọbẹ̀ ìyá mi lọ. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń bá yín ṣe."

"Ẹ̀wà kì í ta èèyàn ní apá òsì!"

"Gbogbo apá ni ẹ̀wà ń ta, Tíṣà. Ẹ yà sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ó rí i pé—"

"Mo mọ ohun tí ẹ̀yin obìnrin máa ń ṣe! Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ máa ń sọ fún ẹni tó bá lóyún àkọ́kọ́, kí ẹ̀rù má bà á! 'Kò sí nǹkan, kò sí nǹkan.' Èmi lo fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún? Èmi?"

Dufie ká ọwọ́ lẹ́yìn. Ó ti sọ òótọ́. Bí òótọ́ bá kan ilẹ̀kùn tí onílé ò ṣí, ẹ̀ṣẹ̀ ta ni?

"Ó dáa, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù. Kí wá ni ká ṣe?"

Tíṣà tún ti fò dìde. Ó ń rìn yí àpótí ká, ọwọ́ lẹ́yìn ìbàdí, ikùn níwájú.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ó hàn kedere, bí èèyàn bá ní làákàyè. Olóhun gbọ́dọ̀ padà jókòó lórí àpótí rẹ̀, ní àkókò tó máa ń jókòó lé e tẹ́lẹ̀, kí ohun tó fi sílẹ̀ lè mọ̀ ọ́n, kó sì padà tọ̀ ọ́ lọ."

"Ní àkókò tó máa ń jókòó lé e tẹ́lẹ̀. Ìgbà wo nìyẹn?"

"Òwúrọ̀! Òwúrọ̀ ni, Dufie!"

"Áà. Kò lè ṣeé ṣe nìyẹn."

"Kí ló dé?"

"A ti fẹnu kò. Òwúrọ̀ tiyín, ìrọ̀lẹ́ tèmi."

"Ẹnu ta ló kò mọ́ ẹnu ta? O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni!"

"Ìlànà iṣẹ́ sì ńkọ́? Ẹ ní àánú ò sí nínú rẹ̀."

"Ìlànà àtijọ́ ni! Wọ́n ti yí i padà! Dufie, ọmọ Maame mi, ìwọ tí o bímọ láìpẹ́ yìí, tí o mọ bó ṣe ń rí, ṣàánú ẹlẹgbẹ́ rẹ."

Dufie tún yíjú sí ògiri fún àdúrà. Nígbà tó padà yíjú, ojú rẹ̀ ti gún régé bí ojú adájọ́.

"Tí mo bá mú òwúrọ̀, Kofi á máa fẹ́ ọmú kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo gbọ́dọ̀ máa sọdá lọ fún un. Ta ni yóò máa di máìkì mú dè mí?"

"Èmi."

"Ẹ ó sì máa jókòó?"

"Láéláé! Ìdúró ni màá wà. Kódà ní ìrọ̀lẹ́ tèmi, ìdúró ni."

"Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bá sì sọnù?"

"Màá ké e."

"Láìsọ ohun tí ewúrẹ́ jẹ́?"

Eléyìí le. Tíṣà wo máìkì, ó wo òrùlé, ó wo Dufie bóyá ó lè yí ọkàn padà. Ikùn rẹ̀ dún. Ó dì í mú.

"Láìsọ ohun tí ewúrẹ́ jẹ́," ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀.

"Ta ló máa sọ fún Maame Pomaa?"

"Ẹnu mi yìí ni màá fi sọ ọ́, kó tó ti inú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Jókòó, Dufie! Jókòó, mo bẹ̀ ọ́!"

Dufie fi etí aṣọ nu orí àpótí náà. Ó rọra jókòó. Ó fi ọwọ́ kan igi náà lábẹ́, níbi tí Wòfà rẹ̀ gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí. Ó tan máìkì.

"Asuoso, ẹ káàárọ̀ o. Èmi Dufie ni. Mo ti padà dé."

Ní òdìkejì ọ̀nà, igbe náà dá láàárín méjì bí ẹni pa iná. Ohùn Dufie ń lọ lókè òpó, ilé ìyá rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ó pa máìkì. Ojú rẹ̀ ti ní omi, kì í ṣe ti ẹ̀rín.

"Ó dákẹ́," ni Tíṣà wí, wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó mọ̀ mí."

Tíṣà gbé ọwọ́ lé ikùn, ó tẹ́tí.

"Tèmi náà dákẹ́."

"Ẹ kú oríire, Tíṣà."

"Kò tíì tán o. Kò lè tán lọ́jọ́ kan. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Mò ń lọ sílé lọ nà díẹ̀. Bí Kofi bá fẹ́ ọmú, ránṣẹ́ pè mí, màá wá dúró."

"Ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ?"

"Nínú ipò tí mo wà yìí? Ọkọ̀ ni màá wọ̀." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. "Dufie, sọ fún ìyá rẹ pé tó bá ń bu fùfú lọ́sàn-án, kó bù ú fún èèyàn méjì."

"Màá sọ fún un."

"Ṣùgbọ́n má sọ ìdí rẹ̀! Ṣèlérí fún mi. Ohun tó ń ṣe mí yìí, má sọ ọ́ fún ọmọ aráyé kankan. Bí ìyàwó mi bá gbọ́, ó ti parí fún mi."

"Mo ṣèlérí, Tíṣà. N ò ní sọ ohun tó ń ṣe yín."

"Ọlọ́run á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ o."

"Ó ti gbọ́ ọ."

Tíṣà jáde, ó ń rìn wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́yìn ìbàdí. Dufie ń wò ó lójú fèrèsé títí ó fi kọjá òpó gbohùngbohùn lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń gbérò. Ó wá fa máìkì mọ́ra, ó sì tàn án.

"Ẹ̀yin ará Asuoso, ìkéde kan péré ló wà fún yín láàárọ̀ yìí. Tíṣà wa, Ntiamoah, ń lọ sinmi nílé. Mo ṣèlérí fún un pé n ò ní sọ ohun tó ń ṣe é, n ò sì ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti rí i tó wọlé, kí ẹnì kan dìde fún un kó jókòó. Kìkì kí aboyún má dìde o: ìbejì á pọ̀ jù fún un."